Ẹ Bi Wá: Káyáàkì Òkun Tòkunbọ̀ Tí Owó Ká

Lẹ́tà tó ń wọlé sí ojú ìwé yìí lórí káyáàkì òkun ti pọ̀ tó kí a ya gbogbo àyè oṣù yìí sọ́tọ̀ fún un. Ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnì kan ń jókòó sínú rẹ̀ là ń sọ, gígùn rẹ̀ láti ẹsẹ̀ bàtà 14 sí 18, àjẹ̀ olórí méjì ni wọ́n sì fi ń wà á. Tuntun rẹ̀ ti wọ́n ju agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, tòkunbọ̀ ló kù. A mú mẹ́fà nínú àwọn lẹ́tà náà.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Káyáàkì méjì ni mo rí, iye kan náà ni wọ́n ń tà wọ́n. Ọ̀kan jẹ́ ike, ẹsẹ̀ bàtà 16, ó wà ní Ajah. Èkejì jẹ́ fáíbà, ẹsẹ̀ bàtà 17, ó wà ní Ìkòròdú, ó sì ní àpá kan níwájú. Gbogbo ohun tí mo kà ló ní kí ẹni tówó rẹ̀ kò pọ̀ ra ike, pé fáíbà a máa fọ́. Ṣé kí n gba Ajah lọ? — Òǹkàwé ní Ṣómólú

Ẹ má tíì gba Ajah lọ. Etí òkun olókùúta ni ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ń gbé, oòrùn ibẹ̀ kò sì mú bíi tiwa. Lọ́dọ̀ wọn, ọkọ̀ tó lè forí sọ òkúta láìfọ́ ló já sí èrè. Ní Èkó, iyanrìn àti ẹrẹ̀ ló wà létí omi wa. Ohun tó ń pa káyáàkì níbí ni oòrùn inú ọgbà, ike ló sì ń kọ́kọ́ pa.

Ọkọ̀ ike tí wọ́n dà síta gbangba fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, á ṣá, á sì gan. Ẹ fi àtàǹpàkò ra ẹ̀yìn rẹ̀: tí nǹkan funfun bí ẹfun bá mọ́ yín lọ́wọ́, awọ òkè rẹ̀ ti kú. Ẹ fi èékánná ha á, kí ẹ wá tẹ ibẹ̀ wọlé. Tí ìlà tín-ín-rín bíi ti ìkòkò tó fẹ́ sán bá yọ, ẹ kí wọn, ẹ máa lọ. Ẹ wo ìdí gbogbo bóòtù tí wọ́n fi de nǹkan mọ́ ọn, ètè ibi ìjókòó àti abẹ́ àga, torí ibẹ̀ ló ti ń kọ́kọ́ ya.

Ike tó ti gan kò ní oògùn. Súpà gúlù, gọ́ọ̀mù páìpù omi, résìn, kò sí èyí tó ń mú un, bí èèpo ni wọ́n á ṣí kúrò lára rẹ̀. Ike tó ya àmọ́ tí kò tíì gan, ooru ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú ọ̀pá polyethylene bíi tirẹ̀. Ọ̀pá PVC kò lè bá a pọ̀. Àwọn ike kan tilẹ̀ wà tí wọn kì í yọ́ rárá, iná kankan kò sì lè lẹ irú wọn. Àmọ́ tí ike náà bá ṣì rọ̀ dáadáa, ẹ má jẹ́ kí ibi tó tẹ̀ wọlé lábẹ́ rẹ̀ dẹ́rù bà yín. Ẹ gbé e sí oòrùn ọ̀sán, kí ẹ ti ibẹ̀ láti inú, á padà sípò. Ojú ìfàyà tí kò jìn ju mílímítà kan lọ kò ṣe nǹkan kan.

Fáíbà ńkọ́? Àwọn tó ń ṣe bọ́ńpà mọ́tò, táǹkì omi àti ọkọ̀ èrò ojú omi mọ̀ ọ́n tún ṣe, wọ́n sì pọ̀ káàkiri Èkó. Résìn, ìyẹn omi tó ń dì di líle, àti máàtì fáíbà tí wọ́n ń rẹ sínú rẹ̀ kò ṣòro rí lọ́jà kẹ́míkà Ọjọ́ta. Ìdí nìyí tí a fi lòdì sí ohun tí ẹ kà: tí àpá ti Ìkòròdú kò bá ju ohun tí àtẹ́lẹwọ́ kan lè bò lọ, òun ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò.

Ẹ dà á dojú bolẹ̀ lórí táyà méjì. Ẹ dúró níwájú rẹ̀, ẹ di ojú kan, ẹ wo egungun ẹ̀yìn rẹ̀ bí káfíńtà ṣe ń wo pákó: kò gbọdọ̀ yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kankan. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ kàn án wẹ́wẹ́ láti orí dé ìdí. Ibi tó dún ketekete dára. Ibi tí ìró rẹ̀ bá ṣàdédé wálẹ̀, tó dún bọ̀ọ̀, awọ fáíbà ti ya kúrò lára ara wọn níbẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ tẹ abẹ́ àga àti ibi tí gìgísẹ̀ ń sinmi lé. Tó bá ń ró bí ẹni ń jẹ gúgúrú, okùn inú rẹ̀ ti já. Nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, ẹ ti tọ́ọ̀ṣì bọ inú rẹ̀, torí ìmọ́lẹ̀ máa ń la fáíbà já: ibi tó fọ́ á funfun, ibi tí wọ́n ti lẹ̀ rí á ṣókùnkùn. Lójú tiwa, àyẹ̀wò tọ́ọ̀ṣì yìí níye lórí ju gbogbo ohun tí ẹni tó ń tà á máa sọ lọ.

Ìlà bí òwú aláǹtakùn lórí jẹ́ẹ̀lì kóòtù, ìyẹn awọ dídán tó wà lóde, kò burú bí ibẹ̀ bá le koko. Ọ̀dà tuntun lára ọkọ̀ àtijọ́ ló yẹ kí ẹ fura sí. Ẹ wo ìdí ọkọ̀ pẹ̀lú, torí ibẹ̀ ni wọ́n fi ń wọ́ ọ nílẹ̀. Tí òwú fáíbà bá ti yọjú síta níbẹ̀, àtúnṣe náà kò le, àmọ́ ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí wọ́n dá lé e.

Tí ẹ bá gbé e fún oníṣẹ́ fáíbà, ẹ dúró tì í, torí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe bọ́ńpà kò tó ọkọ̀. Kí ó kọ́kọ́ fi omi tútù fọ iyọ̀ kúrò, kí ó sì sá a fún ọjọ́ méjì gbáko. Résìn kì í mú ibi tó tutù. Kí ó fi sáǹpépà 80 ha etí ibi tó fọ́ jáde tó sẹ̀ǹtímítà 5 yíká. Máàtì mẹ́ta ni, láti inú, kí èyí tó bá tẹ̀ lé òmíràn fi sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀ fẹ̀ jù ú lọ. Hádínà, èyí tó ń mú résìn dì, mílílítà kan sí 100 résìn ti tó nínú ooru wa. Tó bá fi ju méjì lọ lọ́sàn-án, inú ife ni gbogbo rẹ̀ máa dì sí. Kí ó má fi bọ́dífílà mọ́tò dí i, torí ó ń mu omi, á wú, á sì já bọ́. Nígbà tí ó bá fi jẹ́ẹ̀lì kóòtù kùn ún lókè, kí ó fi nílọ́ọ̀nù bò ó títí á fi gbẹ, torí tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ sí i, ṣe ni á máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́.

Inú ọgbà kan ní Sùúrùlérè ni ọkọ̀ tí mo fẹ́ rà wà. Ẹni tó ń tà á ní òun kò lè gbé e lọ sí ọ̀sà kí n tó sanwó. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ó ń jò? — Òǹkàwé ní Èbúté Mẹ́ta

Ẹ gbé omi wá bá ọkọ̀. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 10 méjì, aṣọ gbígbẹ kan, àti ẹnì kan tó máa bá yín gbé e ti tó.

Káyáàkì òkun ní ògiri méjì nínú, ọ̀kan níwájú ẹsẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn àga. Wọ́n ń sé yàrá iwájú àti yàrá ẹ̀yìn mọ́ kí afẹ́fẹ́ lè dúró níbẹ̀. Tí ọkọ̀ bá dojú dé, ibi ìjókòó nìkan ni omi máa kún, ẹ ó fi páǹpù fà á jáde, ẹ ó sì máa lọ. Tí ògiri ẹ̀yìn bá ń jò, omi á ráyè wọ yàrá tó lè gba ju lítà 100 lọ, lítà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ kílò kan. Ìdí ọkọ̀ á rì, orí rẹ̀ á yọ sókè bí ìgò tó léfòó, kò sì sí bí ẹnikẹ́ni ṣe máa gùn ún padà. Nítorí náà, ẹ má ka àwọ̀ ọkọ̀ sí nǹkan kan títí ẹ ó fi yẹ ògiri wò tán.

Ẹ da lítà 10 sí yàrá ẹ̀yìn, ẹ dé ọmọrí rẹ̀, ẹ gbé ìdí ọkọ̀ sókè kí omi wá sùn ti ògiri. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ẹsẹ̀ ògiri náà láti ibi ìjókòó: aṣọ kò gbọdọ̀ tutù. Kí ẹ tó da omi náà nù, ẹ yí ọkọ̀ dojú bolẹ̀ kí ẹ wo etí ọmọrí. Kíkán díẹ̀díẹ̀ kò burú, àmọ́ tó bá ń ṣàn, ọmọrí náà ti gbó. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún yàrá iwájú. Lẹ́yìn náà ẹ da omi sí ibi ìjókòó fúnra rẹ̀, kí ẹ wo abẹ́ ọkọ̀.

Ẹ lè rí ihò kan bí orí abẹ́rẹ́ lára ògiri, kí omi sì máa kán níbẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ lu ú ni. Tí oòrùn bá mú, afẹ́fẹ́ inú yàrá á wú, ibẹ̀ ló ń gbà jáde; tí ẹ bá dí i, ọmọrí ló máa fò. Jíjò etí ògiri ló yẹ kí ẹ wá. Nínú ọkọ̀ ike, fóòmù ni ògiri sábà máa ń jẹ́, gọ́ọ̀mù etí rẹ̀ ló ń ṣí. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù dúdú tí wọ́n fi ń lẹ gíláàsì iwájú mọ́tò tún un ṣe nínú lóde. Sílíkónì kò ní mú un pẹ́.

Ọmọrí rọ́bà ni ohun tó ń jẹ owó lẹ́yìn tí ẹ bá ti ra ọkọ̀ tán. Ẹ fún un pọ̀ kí ẹ wo etí rẹ̀ nísàlẹ̀, ibi tó ti máa ń sán. Ọmọrí ilé iṣẹ́ kan lè má bá ti òmíràn mu, ẹ sì lè ní láti ránṣẹ́ sókè òkun kí tuntun tó wá. Ọkọ̀ tí ọmọrí rẹ̀ kò pé kì í ṣe tówó pọ́ọ́kú bó ti wù kó rí.

Ọdún márùn-ún péré ni wọ́n ní ọkọ̀ náà lò. Ibo ni mo ti lè rí i? — Òǹkàwé ní Apápá

Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún títà ní Amẹ́ríkà, ẹ wo apá ọ̀tún ìdí ọkọ̀. Ẹ máa rí àmì 12, lẹ́tà pẹ̀lú nọ́ńbà. Lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹni tó ṣe é, nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn ni ọdún rẹ̀. 09 jẹ́ 2009. Tí wọ́n bá ti ha ibẹ̀ kúrò, ẹ má rà á láìrí rìsíìtì, ọkọ̀ olè lè ni.

Nǹkan kan wà lábẹ́ ìdí ọkọ̀ tó yẹ kó máa yọ jáde bíi lẹbẹ ẹja tí mo bá ti ohun kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Kò yọ. Ẹni tó ń tà á ní nǹkan kékeré ni. Ṣé lóòótọ́ ni? — Òǹkàwé ní Lẹ́kì

Ó lè kéré, ó sì lè má kéré. Tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, káyáàkì máa ń fẹ́ yí orí sí i. Lẹbẹ yẹn ló ń di ìdí ọkọ̀ mú kó lè lọ tààrà. Nígbà púpọ̀, iyanrìn ló há sínú àpótí rẹ̀. Ẹ dojú ọkọ̀ bolẹ̀, ẹ fi omi tó ní agbára fọ ihò náà, kí ẹ rọra fi ọ̀bẹ tí kò mú yọ ọ́. Tó bá jáde tó sì ń lọ bọ̀, nǹkan kékeré ni. Ẹ lu ihò tín-ín-rín sí etí rẹ̀, kí ẹ so okùn kúkúrú mọ́ ọn, kí ẹni tó bá wà nítòsí yín lórí omi lè fà á jáde nígbà míì.

Tí wáyà tó so lẹbẹ mọ́ ohun kékeré ẹ̀gbẹ́ àga yẹn bá ti ṣẹ́ po, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Wáyà yìí ń ti lẹbẹ síta ni, kò kàn ń fà á, nítorí náà ó gbọdọ̀ le. Wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ rọ̀ jù, á ká kò. Sitéénlẹ́ẹ̀sì líle ni kí ẹ wá, kí ó fẹ̀ tó ti àtijọ́ gẹ́lẹ́. Ẹ wo àpótí náà láti inú yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú, torí ó máa ń ya níbi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀.

Àwọn ọkọ̀ míì ní ìtọ́kọ̀ tí ẹsẹ̀ ń darí dípò lẹbẹ. Wáyà tiwọn ń fà nìkan, èyí tó rọ̀ lè ṣe é, àmọ́ kí ó jẹ́ sitéénlẹ́ẹ̀sì. Wáyà kílọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà á ti dípẹtà kí ẹ tó gbádùn rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, obìnrin ni mí, kílò 57 ni mo wọ̀n. Wọ́n fẹ́ ta ọkọ̀ kan fún mi tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 62, ọkùnrin tó ga dáadáa ló ń lò ó tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní káyáàkì kò ní ìwọ̀n. — Òǹkàwé ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Ó ní ìwọ̀n bíi bàtà. Ọkọ̀ tó tóbi jù fún yín á léfòó sókè jù, afẹ́fẹ́ á sì máa gbá a kiri. Bí ìdí yín bá tún ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ nínú àga, ẹ kò ní lè fi orúnkún mú ọkọ̀ dúró nígbà tí ìgbì bá kọlù ú láti ẹ̀gbẹ́. Fún ẹni bíi tiyín, ẹsẹ̀ bàtà 15 tàbí 16 tó fẹ̀ láàárín sẹ̀ǹtímítà 53 sí 57 ló dára jù.

Ẹ jókòó sínú rẹ̀ nílẹ̀, nínú ṣòkòtò, fún ìṣẹ́jú 20. Ìka méjì ló yẹ kó lè wọ àárín ìdí yín àti ẹ̀gbẹ́ àga. Àtẹ́lẹsẹ̀ yín gbọdọ̀ dé ibi ìtẹsẹ̀, kí ibẹ̀ sì ṣeé sún síwá sẹ́yìn. Iyọ̀ máa ń mú kó há, ẹ sún un wò. Orúnkún yín gbọdọ̀ kan abẹ́ òkè ọkọ̀ láìrún ẹsẹ̀ yín. Tí ẹsẹ̀ bá ń kú kí ìṣẹ́jú náà tó pé, kò ní sàn lórí omi. Ní ìparí, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ti ètè ibi ìjókòó kí ẹ sì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ tí ẹ kò bá lè jáde kúrò nínú rẹ̀ nílẹ̀ gbígbẹ, ẹ má wọ̀ ọ́ lórí omi.

Tó bá jẹ́ ìdí nìkan ló fẹ̀ díẹ̀, fóòmù tí àwọn oníbàtà fi ń ṣe àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì lè dí àyè náà, kì í mu omi. Fóòmù mátírẹ́ẹ̀sì á mu ún yó. Àmọ́ sẹ̀ǹtímítà 62 pẹ̀lú ẹni tó ga, fóòmù kò lè tún èyí ṣe. Ẹ jẹ́ kó lọ.

Ẹ wọn ètè ibi ìjókòó kí ẹ tó ra yẹ̀rì ọkọ̀, aṣọ tó ń bo ibi ìjókòó kí omi má wọlé: gígùn, fífẹ̀, àti yíká gbogbo rẹ̀, láti etí òde. Okùn ìfàyọ rẹ̀ níwájú gbọdọ̀ wà lóde nígbà gbogbo. Ẹ fà á yọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nínú omi tó mu yín dé ìbàdí, kí ẹnì kan dúró tì yín, kí ẹ tó lọ síbi tó jìn.

Owó mi fẹ́ tán sórí ọkọ̀. Kí ni mo gbọdọ̀ rà dandan, kí ni mo lè fi sílẹ̀? — Òǹkàwé ní Ọ̀wọ́rọ̀ńṣókí

Tí ẹ kò bá tíì sanwó, ẹ pín in sí mẹ́ta kí ẹ má ṣe fi ju ìdá méjì lọ ra ọkọ̀. A rí i pé ẹni tó fi gbogbo owó ra ọkọ̀ sábà máa ń gba omi lọ láìní láìfù jákẹ́ẹ̀tì, èyí sì ń bà wá nínú jẹ́.

Láìfù jákẹ́ẹ̀tì ló ṣáájú. Èyí gbàràmù tí wọ́n ń há fún èrò inú ọkọ̀ ojú omi kò ní jẹ́ kí apá yín yí. Ẹ wá èyí tí apá rẹ̀ gé, tó ní àmì 50 níutọ́ọ̀nù (N), ìyẹn agbára tó fi ń gbé ènìyàn léfòó, ó kéré tán. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ fi ìka méjì já aṣọ rẹ̀ wò: aṣọ tó ti ṣá máa ń ya. Ẹ fún fóòmù rẹ̀, kó padà wú kíá. Ẹ wọ̀ ọ́ sínú omi tó mu yín dé àyà, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè. Tí ojú àti ẹnu yín kò bá yọ sókè dáadáa láìlúwẹ̀ẹ́, ẹ má rà á.

Àjẹ̀ olórí méjì: sẹ̀ǹtímítà 210 sí 220 fún ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, 230 bó bá fẹ̀. Ẹ gbọn ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀ láàárín. Tó bá ń mì níbẹ̀ lónìí, ó lè já lójú omi. Àjẹ̀ kejì kò ní láti wọ́n. Àjẹ̀ onígi olórí kan tí àwọn agbẹ́kọ̀ Mákòókó ń gbẹ́, tí ẹ bá gé e kúrú kó lè sùn lórí ọkọ̀, á gbé yín délé. Lẹ́yìn ìyẹn, páǹpù ọwọ́ tàbí agolo ìgbọ́nmi tí ẹ so mọ́ okùn, fèrè kan, àti fóònù nínú àpò tí omi kò lè wọ̀. Okùn tó yí òkè ọkọ̀ ká kò wọ́n. Tí ti àtijọ́ bá ti gbó, ẹ fi okùn mílímítà 6 pààrọ̀ rẹ̀, torí òun ni ẹ máa dì mú tí ẹ bá ṣubú sómi. Kọ́ńpáàsì orí ọkọ̀, aṣọ olówó iyebíye, àga tuntun, gbogbo ìyẹn lè dúró.

Ẹ má kọ́kọ́ gbé e lọ sí òkun. Apá ọ̀sà tó wà ní ìhà tiyín ti tó fún oṣù mélòó kan, láàárọ̀ kùtùkùtù kí atẹ́gùn òkun tó dìde lọ́sàn-án. Ẹ sún mọ́ etí omi, kí ẹ sì yẹra fún igi tí àwọn apẹja gún sínú ọ̀sà. Orí wọn máa ń bọ́ sábẹ́ omi nígbà tí omi bá kún. Ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ ńlá ń gbà wọ èbúté kì í ṣe ibi tiyín rárá, pàápàá nígbà tí omi bá ń fà padà sí òkun, torí ìṣàn ibẹ̀ lágbára ju apá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ lọ. Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ewéko tó ń léfòó máa ń bo ojú ọ̀sà títí wọ inú ọdún tuntun. Ẹ má gba àárín rẹ̀, á wé mọ́ ìtọ́kọ̀, á sì sé ọ̀nà mọ́ yín lẹ́yìn.

Tí ẹ bá dé, ẹ fi omi tútù fọ̀ ọ́, ẹ ṣí àwọn ọmọrí sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e sí abẹ́ òrùlé.